Àyà Wo Ni Ó Ń Dùn Wá? Ọ̀rọ̀ Lórí Ìwádìí Àrùn Ọkàn ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó bá ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ yìí, bí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ mi pọ̀ lónìí, ẹ forí jì mí, nítorí ohun tí ó ń dùn mí ni mo fẹ́ sọ. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú yín ti máa retí pé kí n kọ nípa oríkì, tàbí nípa ọdún Káyòkáyò, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Ìkòròdú tí bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ará Ẹ̀pẹ́. Àrùn ọkàn ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀, ìyẹn àrùn tí ó ń dí iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ́ ọkàn ènìyàn, pẹ̀lú ìwádìí tí àwọn oníṣègùn ń ṣe lórí ohun tí ó ń fà á àti bí a ṣe lè tọ́jú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò bi mí pé, kí ni ti akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ dókítà? Ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn gan-an ni gbogbo àròkọ yìí.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, ní àkókò ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, àwọn oníwàádìí ìlera kan wá sí agbègbè wa ní Ìkòròdú. Wọ́n ń wá àwọn ọ̀dọ́ tí ó gbọ́ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì tí yóò máa bá wọn rìn láti ojúlé dé ojúlé, mo sì wà lára àwọn tí wọ́n mú. Iṣẹ́ náà kò le lójú wa. Ẹnì kan yóò fi aṣọ ẹ̀rọ di apá àwọn ènìyàn láti wo bí ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń ru sí; ẹnì kan yóò wọn ìwúwo wọn; èmi yóò wo ìbéèrè tí ó wà nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, n óò sọ ọ́ ní Yorùbá, n óò sì fi àmì sí “Bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “Bẹ́ẹ̀ kọ́”. Kò sí ẹni tí ó kọ Yorùbá àwọn ìbéèrè náà sílẹ̀ fún wa. Ohun tí ó bá ti wá sí ẹnu olúkúlùkù ni ó ń sọ.

Ní ọjọ́ kan, a dé ilé kan ní apá Èbúté. A bá ìyá àgbàlagbà kan tí ó ń ṣa ẹ̀fọ́. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ǹjẹ́ àyà ti dùn yín rí?”

Ìyá náà wò mí, ó mi orí, ó ní, “Ọmọ mi, àyà wo ni kò ní dùn? Àkọ́bí mi parí ìwé láti ọdún kẹta, kò tíì ríṣẹ́. Àyà ń dùn mí o.”

Mo fi àmì sí “Bẹ́ẹ̀ ni”.

Ní ojúlé kejì sí ibẹ̀, a bá ìyá mìíràn, ẹni tí ó ń ta ẹja yíyan. Mo bi í ní ìbéèrè kan náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Rárá o, ọmọ mi. Àyà kò dùn mí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó kàn máa ń fún mi ni, bí mo bá ru agbọ̀n ẹja bọ̀ láti etí ọ̀sà. Bí mo bá ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, tí mo jókòó díẹ̀, á lọ.”

Èmi gbọ́ “àyà kò dùn mí”, mo fi àmì sí “Bẹ́ẹ̀ kọ́”. A dágbére fún un, a bọ́ sí ojúlé tí ó kàn. Inú mi dùn pé iṣẹ́ ń yá.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ẹ̀pẹ́, kú. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó ti ń sọ pé nǹkan wúwo kan ń jókòó lé òun láyà bí òun bá ti rìn kánmọ́kánmọ́, pé apá òsì òun a sì máa wúwo pẹ̀lú. Ẹnì kan nínú ilé ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ó se àgbo fún un. Ẹlòmíràn ní ọ̀fun ni òróró ti ń gbóná bọ̀, kí ó má jẹ àkàrà mọ́. Ẹlòmíràn ní ayé ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan òógùn tútù bò ó, wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Dókítà tí ó gbà wá bi ìyàwó rẹ̀ léèrè bóyá bàbá ti máa ń sọ pé àyà ń dùn òun tẹ́lẹ̀. Ìyá náà fi omijé dáhùn pé rárá, kò sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Òótọ́ ni ìyá sọ. Bàbá kò sọ pé àyà ń dùn òun. Ó ní ó wúwo ni. Nígbà tí mo sọ èyí fún dókítà, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ṣàlàyé fún mi pé ohun tí ó bá ń fún ènìyàn láyà tàbí tí ó ń wúwo níbẹ̀ nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́ agbára, tí ó sì ń lọ bí ó bá sinmi, òun gan-an ni àmì tí àwọn ń wá. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ìyá ẹlẹ́ja. Mo padà lọ sí Èbúté láti wá a. Wọ́n ní ó ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, wọn kò sì mọ àdúgbò. Títí di òní, “Bẹ́ẹ̀ kọ́” ni ó wà níwájú orúkọ rẹ̀ nínú ìwé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkàn

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a wo ọkàn fúnra rẹ̀. Ọkàn jẹ́ ẹran ara tí ó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ó ń lù tó ìgbà 100,000 lóòjọ́. Òun ni ó ń pín ẹ̀jẹ̀ fún gbogbo ara, síbẹ̀ kò lè bọ́ ara rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tí ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ó ní àwọn iṣan kéékèèké tí ó wà lórí rẹ̀, àwọn ni ó ń gbé oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ tọ̀ ọ́ wá. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ lè máa kó jọ sára ògiri iṣan wọ̀nyí, ògiri náà yóò sì máa wú, títí ọ̀nà yóò fi di tóóró. Bí ènìyàn bá jókòó, ẹ̀jẹ̀ tí ń kọjá lè tó. Bí ó bá ru ẹrù tàbí tí ó bá sáré, kò ní tó mọ́, ọkàn yóò sì figbe ta. Igbe yẹn ni “ó ń fún mi”, òun ni “ó wúwo”. Bí ojú ibi tí ọ̀rá náà kó jọ sí bá wá là lójijì, ẹ̀jẹ̀ yóò dì lé e lórí, ọ̀nà yóò dí pátápátá, apá ibi tí iṣan náà ń bọ́ nínú ọkàn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí kú. Ohun tí à ń pè ní “ó ṣubú, ó kú” kì í ṣe ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ náà rárá. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó ti ń ránṣẹ́ tipẹ́.

Àwọn oníṣègùn kò ṣàdédé mọ èyí. Ní ọdún 1948, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ìlú Framingham ní Amẹ́ríkà. Ọkùnrin àti obìnrin 5,209 gbà kí wọ́n máa yẹ àwọn wò léraléra, ní ọdún méjì-méjì. Ara wọn ni a ti kọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru, sìgá mímu àti ọ̀rá púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń ṣáájú àrùn ọkàn. Nígbà tí ó di 1962, oníṣègùn Gẹ̀ẹ́sì kan, Geoffrey Rose, tẹ ìwé ìbéèrè kúkúrú kan jáde, èyí tí a lè fi mọ ẹni tí ó ní àmì àrùn yìí láìlo ẹ̀rọ kankan. Ó béèrè bóyá ìrora tàbí ìnira kan wà ní igbá àyà. Bóyá ó ń dé bí ènìyàn bá gun òkè tàbí tí ó bá yára rìn. Ohun tí ó máa ń ṣe nígbà náà. Bóyá ó ń lọ bí ó bá dúró, àti ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú mélòó. Ẹ kíyè sí i pé ìbéèrè náà kò dúró sórí ìrora nìkan. Rose mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní pè é ní ìrora. Èmi tí mo ṣe ògbufọ̀ ni mo sọ ọ̀rọ̀ méjì di ọ̀kan, tí mo fi “dùn” rọ́pò gbogbo rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n bí ìbéèrè fúnra rẹ̀ bá ṣìnà ńkọ́?

Kì í ṣe àrùn òyìnbó

Àwọn kan yóò sọ pé àrùn òyìnbó ni èyí, pé kò yẹ kí a máa fi dá ara wa láàmú. Ìdí wà tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣègùn ní Ìbàdàn fúnra wọn rí i ní ìgbà kan pé àrùn yìí ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Ní ọdún 1973, Falase, Cole àti Ọ̀ṣúntókun tẹ ìròyìn jáde lórí àwọn ọmọ Nàìjíríà tí apá kan ọkàn wọn kú nítorí iṣan tí ó dí. Ó jẹ́ ohun tí a kì í sábà rí nígbà náà. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládìpọ̀ Akínkùgbé, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ṣèwádìí lórí ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ó sì di ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Ìlọrin, ti wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn ará oko àti ará ìlú ńlá pẹ̀lú Ojo, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní 1969. Ìwádìí gbogbo Nàìjíríà tí Akínkùgbé ṣe olórí rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ ní 1997, fi hàn pé àgbàlagbà 11.2 nínú 100 ni ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, bẹ́ẹ̀ òṣùwọ̀n gíga ti 160/95 ni wọ́n lò. Lónìí tí 140/90 jẹ́ òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ń lò, iye ènìyàn tí yóò bọ́ sínú rẹ̀ yóò pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1997 kan náà, Richard Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí àwọn ará Ìbàdàn wà lára wọn, tẹ ìwádìí mìíràn jáde lórí àwọn ènìyàn tí orísun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́ 16 nínú 100 ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó jẹ́ 26 ní àwọn erékùṣù Kàríbíánì, ó sì jẹ́ 33 ní Amẹ́ríkà. Bí orísun bá jẹ́ ọ̀kan, tí àrùn kò sì dọ́gba, a jẹ́ pé ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà gbé ayé rẹ̀ ni kí a wò. Nígbà tí ó sì di 2004, ìwádìí ńlá kan tí wọ́n pè ní INTERHEART, tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 52, tí Áfíríkà wà nínú rẹ̀, sọ pé nǹkan mẹ́sàn-án ni ó wà nídìí èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú àrùn yìí káàkiri ayé: sìgá, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ikùn ńlá, àìjẹ èso àti ẹ̀fọ́ tó, àìlo ara, ọ̀rọ̀ ọtí, àti ìdààmú ọkàn.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ilé. Ní Ẹ̀pẹ́, ẹni tí bàbá rẹ̀ fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ lórí ọ̀sà ń fi ẹ̀rọ tu tirẹ̀ lónìí. Ní Ìkòròdú, ẹni tí ìyá rẹ̀ fẹsẹ̀ rìn lọ sóko ń jókòó fún ọ̀pọ̀ wákàtí nínú ọkọ̀ lójú pópó kí ó tó dé ibi iṣẹ́ ní Èkó, yóò tún jókòó bọ̀. Ìkọ́kọrẹ́ tí a ń fi ẹja tútù sè ń ní alábàáṣe tuntun, èyíinì ni màgí oríṣi mẹ́ta tí iyọ̀ kún inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé ní iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5. Ọ̀nà tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbà ni àwa náà ń gbà lọ yìí. Bí a bá wá ń sọ pé àrùn òyìnbó ni, ara wa ni à ń tàn.

Ẹ sì tún wo nǹkan kẹsàn-án tí mo kà lókè yẹn: ìdààmú ọkàn. Ìyá àkọ́kọ́ tí ó ní àyà ń dun òun nítorí ọmọ tí kò ríṣẹ́, kò parọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán. Ìbéèrè mìíràn ni ó dáhùn. Bí ó bá jẹ́ pé mo mọ iṣẹ́ mi, ibi tí wọ́n ti béèrè nípa ìdààmú ni ǹ bá kọ ìdáhùn rẹ̀ sí. Ìyá méjì, ìdáhùn méjì, méjèèjì ni mo sì gbé sí ibi tí kò yẹ. Bí irú èmi bá pọ̀ nínú iṣẹ́ ìwádìí kan, irú ìmọ̀ wo ni yóò ti inú rẹ̀ jáde?

Ẹ̀jẹ̀ wa, oògùn ta ni?

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kíkọ àmì sínú ìwé nìkan ni èyí. Ìtọ́jú wà nídìí rẹ̀. Ní 1988, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lára aláìsàn 17,187 fi hàn pé aspirin lásán, oògùn tí kò wọ́n, tí a bá fún ẹni tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lù, ó ń dín ikú kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa dá a lò fúnra rẹ̀, nítorí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà nínú. Dókítà ni kí ó sọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé, ẹni tí kò bá rí ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ohun tí ó ń ṣe é kò ní tètè dé ibi tí aspirin wà.

Nígbà tí wọ́n bá sì bi wá léèrè dáadáa, àwa náà ń jàǹfààní. Ní 2019, Dike Ojji ti Yunifásítì Àbújá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lára aláwọ̀ dúdú 728 ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́fà, láti mọ èyí tí ó dára jù nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí a ń lò ní méjì-méjì. Wọ́n rí i pé àwọn àpapọ̀ tí amlodipine wà nínú wọn ṣiṣẹ́ ju èyí tí kò sí nínú rẹ̀ lọ. Ara wa ni wọ́n ti rí ìdáhùn yìí, kì í ṣe ara òyìnbó.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ní 2006, àwọn oníwàádìí ní Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ jáde pé nínú aláwọ̀ dúdú bí 3,363 tí àwọn yẹ̀ wò, àwọn 2.6 nínú 100 ni a bí pẹ̀lú àyípadà kan nínú àbùdá tí wọ́n ń pè ní PCSK9. Ọ̀rá búburú inú ẹ̀jẹ̀ wọn kéré, àrùn ọkàn kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe wọ́n. Ìmọ̀ yìí wà lára ohun tí ó ṣí ọ̀nà fún oògùn tuntun tí ó jáde ní 2015. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ Áfíríkà tí a kó lọ ni ó là wọ́n lójú. Ṣùgbọ́n oògùn náà wọ́n débi pé apẹja kan ní Ẹ̀pẹ́ kò lè lá àlá rẹ̀. N kò sọ pé olè ni ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń sọ pé ẹni tí ó bá fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìwádìí, ó yẹ kí ó mọ ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀, kí ó sì mọ̀ ọ́n ní èdè tí ó fi ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìlànà tí àwọn oníṣègùn àgbáyé fi lélẹ̀ ní Helsinki ní 1964 ni pé kí ẹnikẹ́ni tó wọ inú ìwádìí, ó gbọ́dọ̀ yé e, kí ó sì gbà tinútinú. Báwo ni yóò ṣe yé e ní èdè tí kò gbọ́?

Iṣẹ́ tiwa

Mo wá dé ibi tí mo ń lọ. Ìwádìí àrùn ọkàn kì yóò yanjú ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ bí àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá kò bá dá sí i. Dókítà mọ ọkàn. Ta ni ó mọ “àyà”? Àyà tí ó ń já ni ti ẹ̀rù. Àyà tí ó ń fún ni yìí. Ẹni tí ó láyà ni akíkanjú. Ọkàn ni ẹran tí ó ń lù, ọkàn náà ni ó ń balẹ̀ tí ó sì ń gbọgbẹ́. Ẹ wo “ẹ̀jẹ̀ ríru” pàápàá. Ohun tí ó ń ru ni ohun tí a rú sókè, bí omi tí a da ẹsẹ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbà pé ìbínú ni ó ń fà á, pé bí ìbínú bá ti rọ̀, àrùn ti lọ nìyẹn, wọn a sì pa oògùn tì. Orúkọ tí a fún àrùn náà ń bá oògùn rẹ̀ jà. Ta ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ rí èyí, bí kò bá ṣe àwa?

Àwọn kan yóò ní Yorùbá kò lè gbé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Èmi ò rò pé ó yẹ kí a ṣì máa dá irú wọn lóhùn. Láti 1970 ni Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún odidi ọdún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 1984, Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé èdè-ìperí Yorùbá; ní 1990, Awóbùlúyì ṣe olóòtú apá kejì. Àwọn baba wa nínú iṣẹ́ yìí ti ro oko. Àwa ni a kò gbìn ín dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù.

Àpẹẹrẹ sì wà nítòsí. Nínú iṣẹ́ ìwádìí àrùn rọpárọsẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Ìbàdàn jẹ́ aṣáájú rẹ̀ ní Nàìjíríà àti Gánà, àwọn oníwàádìí túmọ̀ ìwé ìbéèrè mẹ́jọ kan sí Yorùbá, Haúsá àti Akan, wọ́n sì dán an wò láti mọ̀ bóyá ó ń mú ìdáhùn tòótọ́ wá kí wọ́n tó gbára lé e. Láti inú iṣẹ́ yẹn ni a ti mọ̀ ní 2018 pé àìjẹ ẹ̀fọ́ déédéé wà lára ohun tí ó ń bá rọpárọsẹ̀ rìn láàárín wa. Bí a bá lè ṣe é fún rọpárọsẹ̀, kí ni ó dí wa lọ́wọ́ láti ṣe é fún ọkàn?

Nítorí náà, mo dá àbá mẹ́ta fún ẹgbẹ́ wa. Èkíní, kí àwa ọmọ ẹgbẹ́ tí ilé wa wà ní Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́, Àgbọ̀wà, Itóìkín àti agbègbè wọn, lo ìsinmi tí ń bọ̀ láti ṣàkójọ ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn wa fi ń sọ ohun tí ń ṣe wọ́n ní igbá àyà: ó ń fún, ó wúwo, ó ń ta, ó ń gún, èémí ń ká mi mọ́, àti àwọn mìíràn tí èmi kò tíì gbọ́. Kí a kọ ẹni tí ó sọ ọ́ sílẹ̀ bí àgbà tàbí ọmọdé, apẹja tàbí oníṣòwò, kí a má sì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Èkejì, kí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn jọ jókòó láti túmọ̀ irú ìbéèrè tí Rose ṣe. Kí àwọn mìíràn tí kò rí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tún un túmọ̀ padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí a lè rí ibi tí ó ti yẹ̀. Dípò “bí ẹ bá gun òkè”, ó lè jẹ́ “bí ẹ bá ru ẹrù láti etí ọ̀sà”. Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ wa bẹ àwọn oníwàádìí pé, bí wọ́n bá parí iṣẹ́, kí wọ́n kó àbájáde rẹ̀ fún wa, kí a kọ ọ́ ní Yorùbá tí ó já gaara, kí a kà á fún àwọn ènìyàn tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ wọn.

Olùkọ́ kan tí mo bọ̀wọ̀ fún sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ kò lè ra ẹ̀rọ tí ń yàwòrán bí ọkàn ṣe ń lù, pé owó ni ìṣòro wa, kì í ṣe èdè. Òótọ́ ni apá kan ọ̀rọ̀ náà. Bí a túmọ̀ títí di ọ̀la, èdè kò ní gbé ẹ̀rọ wọ ọsibítù, kò sì ní sọ oògùn di ọ̀pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá kún ilé, tí Bàbá Ẹ̀pẹ́ ní ó wúwo, tí a sì ń dúró kí ó sọ pé ó ń dùn, ẹ̀rọ náà yóò máa wo wa ni. Owó ni ìjọba yóò wá. Ọ̀rọ̀ ni tiwa, a kò sì nílò owó ìjọba kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá ẹlẹ́ja kò dákẹ́. Ó sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ ní Yorùbá tí ó dán mọ́rán, fún ọmọ tí ó ń kọ́ Yorùbá ní yunifásítì, ọmọ náà kò sì gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ ìyá kan tí ó ń ta ẹja yíyan, tí ó ti gbé ní apá Èbúté rí, tí àyà máa ń fún bí ó bá ru agbọ̀n, ẹ bá mi sọ fún un pé kí ó lọ rí dókítà. Kí ó má sọ pé àyà kò dun òun. Kí ó sọ ohun tí ó sọ fún mi gẹ́lẹ́.

Níbi tí mo ti fẹ́ dánu dúró nìyí. Ire o.